Nọ́ọ̀tì Mẹ́rin Ìdí Ire-Àkárí

Èbúté Ìdí-Ọ̀mọ̀ wà létí ọ̀sà, níbi tí omi dídùn àti omi iyọ̀ ti ń pàdé. Ẹni tó bá fẹ́ ti ibẹ̀ dé Òkè-Ẹja ní òdìkejì, àfi kó wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí kò sí afárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀. Láyé ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, fóònù alágbèéká kò tíì dé agbègbè náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì tóbi tó láti kó ogójì èèyàn pẹ̀lú ẹrù wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ire-Àkárí ni wọ́n kọ sí i lára. Pákó ni wọ́n fi kàn án, ẹ́ńjìnnì sì wà nínú rẹ̀. Ṣóyẹmí ló ń tọ́ ọ lójú omi. Odùwọlé ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì.

Odùwọlé ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Bí ó bá bọ èèyàn lọ́wọ́, onítọ̀hún a gbọn ọwọ́ tirẹ̀ wò bóyá egungun rẹ̀ ṣì pé. Àwọn ará èbúté a máa sọ pé nọ́ọ̀tì tí Odùwọlé bá ti fi ọwọ́ lásán dè, kí ẹlòmíràn má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu pé òun fẹ́ tú u. Ọ̀rọ̀ yìí a máa dùn mọ́ ọn nínú, àmọ́ kò ní fi hàn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti kọ́ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó mú ti ibẹ̀ bọ̀, ọ̀kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn lé lórí: ibi tó bá fẹ̀, irinṣẹ́ ńlá, ibi tó bá há, irinṣẹ́ kékeré. "Wọn kì í ti ẹsẹ̀ erin bọ ihò eku," a wí bẹ́ẹ̀, a sì yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà Òkè-Ẹja ni ọjọ́ tí à ń sọ yìí. Agogo méjì ọ̀sán ti lù, oòrùn mú, afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́. Ọkọ̀ kún. Àwọn tó ń lọ ra gààrí wà níbẹ̀, àwọn tó gbé adìyẹ wà níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Abígẹ̀ẹ́ jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, nítòsí ẹ́ńjìnnì. Ìgèrè ìpẹja ni ìyá yìí ń hun tà, ó sì to mẹ́jọ jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ní ẹnu tóóró àti ikùn ńlá bí ìyá aboyún. Ẹni tó jókòó tì í ni Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọbìnrin Òkè-Ẹja tó bí ìbejì láìpé oṣù. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nílé ìwòsàn, nítorí Kẹ́hìndé kò lè fa ọmú dáadáa. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. Ó gbé Táyé sẹ́yìn, ó gbé Kẹ́hìndé sáyà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò ní òdìkejì omi, níbi tí ọkọ rẹ̀ yóò ti máa dúró de òun.

Wọ́n ti dé àárín ọ̀sà kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ohùn kan dún nísàlẹ̀ pákó, gbì, gbì, bí ẹni ń fi òkúta lu ìdí odó. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì han gooro bí ẹran tó já okùn, ọkọ̀ náà sì dẹwọ́ ìrìn.

"Odùwọlé!" Ṣóyẹmí ké láti iwájú. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ!"

Odùwọlé pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí àwọn tó jókòó lórí pákó ẹ̀yìn dìde, ó ṣí pákó náà, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti so mọ́ ọ̀pá irin gígùn tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ nínú omi. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló so wọ́n pọ̀. Mẹ́ta ti yọ bọ́ sínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ìkẹrin, èyí tó wà lọ́hùn-ún pátápátá, ṣì rọ̀ mọ́ etí irin bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn irin tí nọ́ọ̀tì ń dè mọ́ ṣì wà ní ipò wọn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá ti ya ara wọn.

Kì í ṣe pé Odùwọlé kò mọ ohun tó fà á. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n gan-an ló já a láyà. Àlàfo tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti igi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ há, ó sì jìn bí apá ọkùnrin láti ìka dé igbọnwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó fẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀tì náà le, ó dojú bolẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ títí igbọnwọ́ rẹ̀ fi há, ó sì fi orí ìka yí wọn níwọ̀n tó lè yí. Kò fún wọn tó. Ó mọ̀ pé kò tó. Ó kàn wí fún ara rẹ̀ pé òun yóò padà síbẹ̀ bí ọwọ́ òun bá dilẹ̀.

Ó gbójú sókè wo omi. Àsìkò tí ọ̀sà ń fà sínú òkun ni. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ etí ọ̀sà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un: ní apá gúúsù, níbi tí ilẹ̀ ti là, ẹnu òkun wà níbẹ̀, ìgbì ibẹ̀ sì ti fọ́ ọkọ̀ tó lágbára ju Ire-Àkárí lọ. Ṣóyẹmí ti ju ìdákọ̀ró sómi, àmọ́ ẹrẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ọ̀sà níbẹ̀, ìdákọ̀ró náà kò rí nǹkan gbámú, ńṣe ló ń wọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ bí ajá tẹ̀lé olówó rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin mú àjẹ̀, wọ́n ń tukọ̀. Ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń tu òun.

"Ṣóyẹmí," Odùwọlé rọra bi í, kí àwọn èrò má baà gbọ́, "báwo ni àsìkò tá a ní ṣe tó?"

Ṣóyẹmí wo omi, ó wo ẹnu òkun. "Bí èèyàn bá gbé ìrẹsì kaná báyìí," ó ní, "kò ní jinná tán."

Odùwọlé fa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀. Nínú rẹ̀ ni rákẹ́ẹ̀tì méjì wà, tó rà pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irinṣẹ́ tòkunbọ̀. Rákẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pá irin tó máa ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, tí orí rẹ̀ ń gbá nọ́ọ̀tì mú. Bí èèyàn bá tì í síwájú, yóò yí nọ́ọ̀tì lọ, bí ó bá fà á padà, nọ́ọ̀tì kò ní bá a padà, nítorí náà kò sí ìdí láti máa yọ ọ́ kí a tún máa fi í bọ nọ́ọ̀tì. Ọ̀kan kúrú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èkejì gùn kọjá láti orí ìka dé igbọnwọ́, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Táyà ọkọ̀ ẹrù nìkan ni Odùwọlé fi ń tú. Kò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú èyí tó kúrú.

Nọ́ọ̀tì tuntun márùn-ún ló kù nínú agolo mílíìkì tó ń kó wọn sí. Ó mú ọ̀kan, ó dojú bolẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ àlàfo náà. Irin ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Ó jó o lápá, ó mú un mọ́ra. Ó fi ìka wá ojú irin kiri, ó rí i, ó gbé nọ́ọ̀tì lé e. Ọkọ̀ mì. Nọ́ọ̀tì náà bọ́, ó dún tó nínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó sì lọ nìyẹn. Ó mú òmíràn. Èyí dúró. Ó fi rákẹ́ẹ̀tì kékeré náà gbá a mú, àmọ́ nígbà tó fẹ́ yí i, kò sí àyè tí ọwọ́ rẹ̀ yóò gbà. Ìkúùkù rẹ̀ ti kún gbogbo ibẹ̀. Ó ti èjìká síwájú kí ọwọ́ lè túbọ̀ wọlé. Ó wọlé lóòótọ́. Nígbà tó wá fẹ́ fà á jáde, kò jáde mọ́.

Ó tún fà á. Kò jáde.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á kọjá ohun tó lè fi pa mọ́. Ọkọ̀ tó ń wọ́ lọ sí ẹnu òkun, nọ́ọ̀tì mẹ́ta tí kò sí níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì há mọ́ inú ẹ́ńjìnnì bí ọwọ́ ọ̀bọ nínú akèrègbè. Òógùn bò ó lójú. Ó gbọ́ tí obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà, tí òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ sì ń ṣe àmín.

"Má fà á bẹ́ẹ̀," ohùn kan wí lókè orí rẹ̀. "Bó o bá ń fà á, ńṣe ló ń wú. Dẹ ọwọ́."

Ìyá Abígẹ̀ẹ́ ni. Ìyá náà ti gba ìgò epo pupa lọ́wọ́ èrò kan, ó sì ń dà á sí apá Odùwọlé láti igbọnwọ́ lọ sísàlẹ̀. "Ju irin tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀. Ṣé o ti jù ú sílẹ̀? Ó dáa. Kó àwọn ìka jọ bí ìgbà tí wọ́n ń wọ ẹ̀gbà fún ìyàwó. Ẹ̀ẹ́n. Máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Ọwọ́ náà yọ, rákẹ́ẹ̀tì kékeré àti nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ sì bọ́ sínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Awọ ẹ̀yìn ìka mẹ́ta ti bó, ọrùn ọwọ́ ti ń wú. Odùwọlé jókòó, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ó wá nǹkan nínú àpótí, ó mú sípánà kan tó kéré ju rákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ.

"Odùwọlé," ìyá náà ní, "ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi."

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́."

"Ọ̀rọ̀ àyè náà ni mò ń bá ọ sọ." Ó fa ìgèrè kan yọ láàárín àwọn tó tò jọ, ó sì na ẹnu rẹ̀ sí i. "Ẹja tó bá wọ ìdí èyí, ẹnu ìgèrè kì í gba ọwọ́ mi. Ṣé ọwọ́ kúkúrú ni mo máa lọ yá? Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ni mo fi ń yọ ọ́. Ọ̀pá á wọlé, ọwọ́ mi á dúró síta níbi tí àyè wà."

"Ìyá, ẹja kọ́ ni irin."

"Mo mọ̀," ìyá náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ihò ni ihò."

Odùwọlé wo sípánà kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àlàfo náà, ó wo ẹ̀yìn ìka rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọdún mélòó ló ti ń wí pé ibi tó há, irinṣẹ́ kékeré? Irinṣẹ́ náà kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti kúrú tó yẹn, ó di dandan kí ọwọ́ bá a wọlé, ọwọ́ Odùwọlé kì í sì í ṣe ohun kékeré. Láti ọjọ́ yìí wá, ọwọ́ ni ibẹ̀ ń kọ̀ fún un, òun sì ń rò pé irin ni.

Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó sì mú rákẹ́ẹ̀tì gígùn.

"Ìyá, ẹ bá mi mú tọ́ọ̀ṣì yìí. Ẹ tàn án sí ọ̀nà ibi tí mo nà sí."

Nọ́ọ̀tì ìkẹrin, tó ń rọ̀, ló kọ́kọ́ mú, torí òun ni yóò fa ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá súnmọ́ ara wọn padà. Ó ti rákẹ́ẹ̀tì náà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ejò wọ ihò. Orí rẹ̀ kan nọ́ọ̀tì, ó sì gbá a mú. Ìdí rẹ̀ wà níta, lọ́wọ́ Odùwọlé, níbi tí àyè ti gbà á láti mì í síwá sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìbú ìka mẹ́ta. Ó tì í. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọwọ́ rẹ̀ tó wú kò lè di nǹkan mú dáadáa mọ́, àmọ́ ọ̀pá náà gùn, kò sì bèèrè agbára púpọ̀. Bí ó bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, nọ́ọ̀tì ń lọ. Ó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ tí irin méjèèjì súnmọ́ ara wọn tí wọ́n sì pa ẹnu pọ̀.

Fún àwọn mẹ́ta yòókù, ó fi gírísì kún orí rákẹ́ẹ̀tì, ó sì lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ inú rẹ̀ kó má baà já bọ́ lọ́nà. Àkọ́kọ́ wọlé. Ó dè é le.

"Odùwọlé!" Ṣóyẹmí ké. "Mo ti ń rí funfun o!"

Kò sí ẹni tó bi í pé funfun kí ni. Gbogbo wọn ti ń gbọ́ ìró ìgbì, tó ń ró wọ̀ọ̀ bí ọjà tí wọ́n ń gbọ́ láti òkèèrè. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta sínú ọkọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún tú ìgbàjá rẹ̀, ó fi so Kẹ́hìndé mọ́ àyà ara rẹ̀ gbágbá. Odùwọlé ti ẹ̀gbẹ́ ojú rí i, ó sì yára yíjú padà sí iṣẹ́.

Èkejì wọlé. Ẹ̀kẹta kọ́kọ́ wọ́, ó kọ̀ láti jẹ, Odùwọlé sì fà á padà ní sùúrù, ó tún gbé e lé e. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ Ìyá Abígẹ̀ẹ́ kò gbọ̀n rárá. Ẹ̀kẹta jẹ. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, títí ó fi kọ̀ láti lọ mọ́. Odùwọlé tún fi rákẹ́ẹ̀tì kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, kó tó dìde dúró.

Ó yí ẹ́ńjìnnì. Ó wúkọ́, ó kú. Ó tún yí i. Ó wúkọ́, ó han, ó sì mú. Odùwọlé rọra ki jíà kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí ọ̀pá, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn sórí ẹní. Gbogbo pákó ọkọ̀ gbọ̀n. Ó gbọ́ tí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ bu omi jẹ.

"Ẹ gé okùn ìdákọ̀ró!" Ṣóyẹmí pariwo. Ẹnìkan fi àdá gé e.

Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ó dúró lójú kan, òun àti omi ń bá ara wọn fa okùn tí ẹnikẹ́ni kò rí. Lẹ́yìn náà, imú rẹ̀ yí. Ìró ìgbì bọ́ sẹ́yìn wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà.

Ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú oorun jí. Ọkùnrin kan tó gbé adìyẹ rí i pé ọwọ́ obìnrin kan tí òun kò mọ̀ rí ni òun ti dì mú láti ìgbà yìí wá, ó yára fi í sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú," obìnrin náà sì ní, "Ẹ tún bá mi dì í mú díẹ̀ sí i, ara mi ò tíì balẹ̀." Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ẹnu ẹnìkan dé ẹnu ẹnìkejì, ó gba gbogbo ọkọ̀ kan, àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú wọn. Ìyá Abígẹ̀ẹ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rí i pé orí ìgèrè tó dára jù lọ nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni òun dúró lé ní gbogbo àkókò tí òun fi mú tọ́ọ̀ṣì. Ó ti fọ́ pẹ̀tẹ́pẹ̀tẹ́. Ìyá náà gbé e sókè, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti dì í mú kó má baà ṣubú.

Kẹ́hìndé, tó sun oorun rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, jí nítorí ẹ̀rín náà, ó sì figbe ta. Igbe náà lágbára. Rẹ̀mílẹ́kún kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó gbé e sọ́mú, ọmọ náà sì fa ọmú náà ṣúù ṣúù bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ìyá rẹ̀ gbórí sókè, ó wo Odùwọlé, ó ní, "Ẹ wò ó, sà. Ó ń mu ún."

Odùwọlé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tí Ṣóyẹmí bojú wẹ̀yìn tó sì bi í pé kí ló dé, ó ní epo pupa ló ta sí òun lójú.

"Epo pupa ọ̀hún pọ̀ o," ni Ṣóyẹmí wí, òun náà sì ń nu tirẹ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n dé Òkè-Ẹja. Èrò ti kún etí omi, nítorí wọ́n ti rí ọkọ̀ náà lókèèrè tó ń wọ́ lọ sí ẹnu òkun, wọ́n ti ń wá ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ tí wọn yóò fi lé e. Ọkọ Rẹ̀mílẹ́kún ti wọ inú omi dé àyà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀, Odùwọlé dìde, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n ti fi gèlè wé sókè.

"Ẹ dúró ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láti ìgbà yìí wá, kò tọ́ kí n gbà á bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀tì yẹn kò le tó. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti mọ̀. Ọwọ́ mi kò tó ibẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin aládìyẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì ti le. "O mọ̀, o sì kó wa wọ̀ ọ́? Pẹ̀lú àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

"Mo mọ̀, mo sì kó yín wọ̀ ọ́," Odùwọlé dáhùn. Kò wá àwíjàre kankan. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi òun ṣe.

Rẹ̀mílẹ́kún ló dìde. "Ẹ̀yin bàbá," ó ní, "bí wọn kò bá sọ ọ́, ta ni ì bá mọ̀? Èmi ń lọ sílé pẹ̀lú ọmọ méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi han gbogbo wa pé àwọn nọ́ọ̀tì náà ti le báyìí, kí ẹ wá jẹ́ ká máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Odùwọlé ṣí pákó, ó na rákẹ́ẹ̀tì gígùn náà sí ọkùnrin aládìyẹ pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Ọkùnrin náà kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ ó dé ìdí nọ́ọ̀tì tó jìnnà jù, ó tì í títí, kò lọ. Ó gbórí sókè, ojú rẹ̀ ti rọ̀. "Ó mà rọrùn o," ló ń wí. "Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?"

"Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn," Odùwọlé ní. "Mo ti ń fi awọ ara mi ṣe é láti ọdún mọ́kànlá."

Nígbà náà ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ Rẹ̀mílẹ́kún gba ọmọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ wò. Wọ́n se ẹja ọ̀bọ̀kún fún Odùwọlé àti Ṣóyẹmí ní ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ata rẹ̀ ta, omi rẹ̀ gbóná, Odùwọlé sì fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́ láìtijú. Ìyá Abígẹ̀ẹ́ jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń bá a yọ egungun ẹja.

Láti ọjọ́ náà, nọ́ọ̀tì ìdí Ire-Àkárí kò tú mọ́. Bí àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní àwọn èbúté yòókù bá ní iṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ tó há, tí wọ́n ń wá irinṣẹ́ tó kéré jù lọ kiri, Odùwọlé ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, yóò sì kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè pé kí ni ibẹ̀ kọ̀ fún wọn gan-an, irin ni tàbí ọwọ́? Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹ́ńjìnnì. Bí ìjà bá wà láàárín tọkọtaya tí àwọn ẹbí sì ya bo ilé wọn pẹ̀lú ariwo, tí kò sì tán, àgbà kan a dìde, a ní kí ẹni tó ní sùúrù nìkan jókòó síta, kí ó máa rán ọ̀rọ̀ tútù wọlé díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà a sì wọ ibi tí agídí kò ráyè wọ̀. Ohun tó sì ń ti ẹnu àwọn àgbà Ìdí-Ọ̀mọ̀ jáde nírú àkókò bẹ́ẹ̀ títí di òní, tó ti di òwe lẹ́nu tọmọdé tàgbà, ni pé: "Ibi tó há kì í kọ ohun tó gùn, ohun tó sanra ló ń kọ̀."